Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Great Expectations Pẹ̀lú Ọmọ Tó Ti Ń Tijú Yín

Ọmọ tó bá ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má wọnú ọgbà ilé ìwé, kó dúró de òun lẹ́bàá géètì, ọmọ yẹn ti tó ka Great Expectations. Ọjọ́ orí kọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ti tó o ní ọdún 12, àwọn mìíràn dé SS2 kó tó ṣe wọ́n. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ọmọ ti ń fi ojú àlejò wo ilé bàbá rẹ̀: ó ń wo àga tí tìmùtìmù rẹ̀ ti ya, ó ń wo bàtà bàbá rẹ̀, ó ń ṣọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú àwọn ọ̀rẹ́ òun. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ wá ìwé yìí.

Tíṣà lítíréṣọ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá ṣe lẹ́sìn lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níhìn-ín ní Òṣogbo, a sì ti ka ìwé náà tán pẹ̀lú oríṣiríṣi ọmọ. Charles Dickens, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé e jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀, láti December 1860 títí di August 1861. Orí 59 ló ní, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ta kókó. Bí ẹ bá kàn jù ú sí ọmọ lọ́wọ́ pé "gbà, lọ kà á," ó máa fi ṣe ìtìlẹ́yìn ẹsẹ̀ tábìlì ni. Ẹ óò jókòó bá a kà á.

Ẹ má náwó púpọ̀ lé e lórí. Dickens ti kú láti 1870, kò sẹ́ni tó tún lè gba owó ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà ọ̀fẹ́ ló wà lórí Project Gutenberg, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó ìwé ọ̀fẹ́ sí. Ẹ lè gbé e sórí fóònù, dátà tó máa jẹ kò tó nǹkan. Èmi fẹ́ràn ti bébà nítorí mo máa ń fi bíírò fa ìlà sí i. Bó bá jẹ́ pé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ti gé kúrú fún ọmọ ilé ìwé. Bí mo ṣe ń dá a mọ̀ nìyí: mo máa ń ṣí orí 3, mo máa ń wá màlúù. Màlúù dúdú kan wà níbẹ̀, funfun wà lọ́rùn rẹ̀ bíi ti àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wo ọmọ kan tó jí oúnjẹ gbé bí ẹni pé ó mọ gbogbo ẹ̀. Bí màlúù yẹn kò bá sí níbẹ̀, mo máa ń dá ìwé padà fún ẹni tó ni ín. Ẹni tó gé màlúù yẹn kúrò kò mọ ohun tó ń gé.

Ẹ fi Yorùbá sọ ìtàn orí kìíní fún ọmọ kí ẹ tó ṣí ìwé. Kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Bó bá lè bọ́ sí àsìkò ọyẹ́, ó tún dáa jù, nítorí ìkùukùu ló bo gbogbo ibi tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ òrukàn kan tó ń jẹ́ Pip wà ní itẹ́ òkú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la, ní ilẹ̀ irà kan létí odò ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ márùn-ún náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ọkùnrin, òkúta kéékèèké márùn-ún ni wọ́n fi ṣàmì wọn. Pip kò fojú rí bàbá àti ìyá rẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà sára òkúta ló fi ń ro bí wọ́n ṣe rí, ó sì gbà pé "Also Georgiana" lorúkọ ìyá òun, nítorí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín rẹ́rìn-ín. Ẹ má sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹkún ni; òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ tó bá yá.

Lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́wọ̀n kan yọ láàárín ibojì, ṣẹkẹṣẹkẹ lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba fi ṣe ẹ̀wọ̀n ló ti sá wá. Ó gbá ọmọ náà mú, ó dorí rẹ̀ kodò, ó gbọn àpò rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì tó já bọ́ mì. Ó ní kó lọ wá oúnjẹ àti fáìlì tí òun máa fi rẹ́ irin ẹsẹ̀ òun wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á yọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Fáìlì kò lè wọ́n nílé wọn: Joe, ọkọ ẹ̀gbọ́n Pip, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń tọ́ ọ, alágbẹ̀dẹ ni.

Ẹni púpọ̀ á sọ fún yín pé ìbí yìí ni ọkàn ọmọdé ti kúrò lára Pip, pé ọjọ́ tó pàdé èèyàn burúkú tó sì lọ jalè lójú rẹ̀ là. Àwọn ọmọ máa ń kọ bẹ́ẹ̀ wá fún mi nínú ìwé iṣẹ́ wọn. Èmi ò gbà. Ẹ ka orí 2 àti 3 pẹ̀lú ọmọ, kó rí i fúnra rẹ̀. Pip sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, pákó ilẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ọ bí ẹni ń ké olè, olè. Ó kó oúnjẹ, ó bu ọtí líle, ó sì fi ohun tó rò pé omi ni dí àyè rẹ̀ nínú ìgò. Omi ọ̀dà ni ṣá o, oògùn burúkú kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń rọ sí i lọ́fun. Ó kan màlúù lójú ọ̀nà, ó bẹ màlúù, ó ní "sà." Nígbà tí ẹlẹ́wọ̀n ń jẹun gbàgà-gbàgà, Pip ní inú òun dùn pé oúnjẹ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ní wọ́n máa yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan nù. Ẹ bi ọmọ yín bóyá olè ni Pip. Kí ẹ má dájọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á fi ariwo gbé ilé yín, ohun tí a sì ń fẹ́ nìyẹn.

Ẹ dúró pẹ́ ní orí 4. Oúnjẹ ọ̀sán Kérésìmesì ni. Ọmọ jókòó síkọ̀rọ̀ tábìlì, àwọn àgbà tó wá jẹun kò sì jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n ní kí ọmọ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ ọ. Wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ tó wà lórí tábìlì gan-an bá a wí, wọ́n ní ìwọ ká ní ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n bí ọ ńkọ́? Joe wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó lágbára láti fi ọwọ́ kan gbé gbogbo wọn síta, àmọ́ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo tó lè ṣe ló ṣe: ó fi ṣíbí bu omi ẹran sínú àwo Pip. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà, Joe tún bù sí i. Kò sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó ṣáà ń bu omi ẹran, títí tí omi ẹran fi ń lọ káàkiri àwo. Ìgbà kan wà tí ẹ̀rù tilẹ̀ ń ba Pip débi pé kò lè gbà á.

Ẹ ní kí ọmọ fi bíírò fa ìlà sí gbogbo ibi tí omi ẹran ti yọjú nínú orí náà. Bó bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù, kó má gbàgbé ṣíbí yẹn, nítorí òun lẹ máa fi ṣírò ohun tí Pip máa tó gbé sọ nù. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè: nílé tiwa, ta ni ń bu omi ẹran? Ẹ má dáhùn fún un o. Ó lè má dárúkọ yín. (Lọ́pọ̀ ìgbà, bàbá àgbà ni wọ́n máa ń dárúkọ, tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá kan tó ń tà lọ́jà.)

Orí 5, àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n mú ẹlẹ́wọ̀n náà. Kíá ni ẹ óò kà á, eré ìje ló pọ̀ níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni kí ẹ mú níbẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ní òun lòun jí oúnjẹ ilé alágbẹ̀dẹ, kí wọ́n má bàa fura sí ọmọ. Joe sì dá a lóhùn pé kò sí nǹkan tó burú, àwọn ò mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ò ní fẹ́ kí ebi pa á kú nítorí rẹ̀. Irú ilé tí Pip ti ń jáde bọ̀ nìyẹn. Ẹ rántí.

Kí ẹ tó dé orí 8, ẹ mú ọmọ lọ sí àgbẹ̀dẹ. Òṣogbo ṣì ní wọn. Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rọ ọkọ́ àti àdá wọn, wọ́n á júwe. Kó rí ẹwìrì, kó rí ẹ̀mú àti ọmọ owú, kó dúró jìnnà kí iná má ta sí i lára. Ọmọdé kì í na ọwọ́ sí àgbà, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ bẹ bàbá náà kó jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ òun. Wọn kì í kọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á na ọwọ́. "Ó mà le o, mà," ni àwọn ọmọ máa ń wí fún mi tí a bá ti jáde.

Tèmi kì í ṣe ọwọ́ àgbẹ̀dẹ. Aláró ni ìyá bàbá mi. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń kì wá, kì í ṣe ẹnu lásán: ewé èlú, omi eérú, ìkòkò ńláńlá, aṣọ tó ń wọlé tó ń jáde. Ọwọ́ ìyá àgbà dúdú láti èékánná dé ọrùn ọwọ́, kò sí ọṣẹ tó ràn án, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sìn wọ́n. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ka orí 8, mo máa ń gbé àdìrẹ wọn kan tó kù sílẹ̀ jáde, mo máa ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì máa ń sọ irú ọwọ́ tó ṣe é. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A óò ṣí ìwé.

Orí 8 ni gbogbo ìwé náà dúró lé. Wọ́n mú Pip lọ sílé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Miss Havisham, tí ọkọ àfẹ́sọ́nà já sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Láti ọjọ́ náà ló ti dá gbogbo aago ilé dúró sí ogún ìṣẹ́jú ku kí aago mẹ́sàn-án lù. Aṣọ ìgbéyàwó ti pọ́n sí i lára, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Àwọn ọmọ á fẹ́ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá, wọ́n á ní àǹjọ̀nú ni. Ẹ fún wọn láyè díẹ̀, kí ẹ kọjá. Ọmọbìnrin tó ń bá a gbé, Estella, ni kí ẹ ṣọ́. Obìnrin náà ní kó bá Pip ta káàdì. Estella ní: pẹ̀lú ọmọ yìí? Ọmọ lébìrà lásán ni! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ó fi bó ṣe ń pe káàdì ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe rí págunpàgun. Ó ní ẹ wo bàtà rẹ̀ bó ṣe nípọn.

Níbẹ̀ ni kí ẹ ti pa ìwé dé. Ẹ bi ọmọ: láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, irú ọwọ́ wo ni Pip ní? Á ní ọwọ́ yẹn kan náà ni. Kí ló wá yí padà? Ẹ dákẹ́, kí ẹ dúró de ìdáhùn. Ó lè pẹ́. Ọmọ kan á ní, "Kò sí nǹkan tó yí padà, mà," òmíràn á ní, "Wọ́n ti wò ó." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí ìwé padà, kí ọmọ ka ohun tí Pip fúnra rẹ̀ sọ: pé òun ò ronú rí pé ó yẹ kí òun tijú ọwọ́ òun, àmọ́ bí Estella ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú òun le tó bẹ́ẹ̀ tó fi ran òun. Àìsàn ló pè é, ó kó o.

Ẹ máa kà á lọ. Estella gbé oúnjẹ wá fún un, ó gbé ife sílẹ̀ lórí òkúta àgbàlá, kò wo ojú rẹ̀. Pip lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sunkún, ó ń ta ògiri nípàá. Kí Estella tó gbé oúnjẹ náà dé rárá, ohun tó ti wá sí Pip lọ́kàn ni pé ká ní wọ́n ti kọ́ Joe ní ìwà àwọn olówó ni, òun náà ì bá mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Estella ló bú u, Joe ló dá lẹ́bi. Joe oní-ṣíbí omi ẹran. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Pip kò tíì délé, ó ti gbé ọwọ́ òsì sókè. Ohun tí èmi ń sọ fún àwọn ọmọ mi nìyí: ẹlẹ́wọ̀n kò gba ọkàn ọmọdé lọ́wọ́ Pip. Ọmọbìnrin kékeré kan tó mọ káàdì ta ló gbà á, láàárín ọ̀sán kan.

Iṣẹ́ tí mo máa ń fún wọn lẹ́yìn orí yìí kò ju ìlà márùn-ún lọ: kọ bí ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ ọ ṣe rí. Kò gbọdọ̀ sí "mo nífẹ̀ẹ́ wọn" nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí àdúrà. Ọwọ́ nìkan. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé ìyá òun ń yan ẹja tà, pé bí ìpàdé òbí bá wà nílé ìwé, ìyá òun á fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wá, síbẹ̀ òórùn rẹ̀ ń bá a bọ̀, òun sì máa ń jókòó síbi tó jìnnà díẹ̀. Kò kọ jù bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní máàkì tó yẹ, mi ò sì fi han ìyá rẹ̀, èmi àti ìyá rẹ̀ sì ń kíra lójoojúmọ́ o.

Ibi tí òbí ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí. Ẹnu á máa yún yín láti sọ pé, "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o rí ara rẹ báyìí?" Ẹ gbé e mì. Ọmọ ti rí ara rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Bí ẹ bá fi ìwé náà nà án, kò ní ṣí i mọ́, kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ bọ́ lẹ́nu yín, ẹ lọ bu omi mu.

Orí 9 á ràn yín lọ́wọ́, nítorí ẹ̀rín ni. Pip délé, wọ́n ní kó sọ ohun tó rí. Kò lè sọ ọ́. Ló bá purọ́: ó ní Miss Havisham jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin dúdú láàárín yàrá rẹ̀, ajá ńláńlá mẹ́rin ń jà lórí ẹran nínú apẹ̀rẹ̀ fàdákà, àwọn sì ń ju àsíá àti idà. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tó purọ́ nígbà tí òótọ́ ibẹ̀ gan-an ti ya èèyàn lẹ́nu tó. Lálẹ́, ó jẹ́wọ́ fún Joe nìkan nínú àgbẹ̀dẹ. Joe kò nà án. Ó ní irọ́ kì í jẹ́ kéèyàn di ẹni ńlá, kó má purọ́ mọ́, kó lọ sùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín rí i pé ẹ gbọ́ bí Joe ṣe ṣe é.

Ìgbà yìí ni mo máa ń sọ ìtàn Dickens fún wọn, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1824, ọmọ ọdún 12 ni. Wọ́n ju bàbá rẹ̀ sẹ́wọ̀n Marshalsea ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí gbèsè, wọ́n sì fi ọmọ náà sí ilé iṣẹ́ pọ́líìṣì bàtà, kó máa lẹ bébà mọ́ ara ìgò. Ó di olókìkí, gbogbo ayé ń ka ìwé rẹ̀, àwọn tó ń kà á kò sì mọ̀ títí ó fi kú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Forster ló sọ fún ún, Forster ló sì kọ ọ́ síta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó kọ orí 8 mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtìjú ọwọ́. Àwọn ọmọ máa ń dákẹ́ bí mo bá sọ ọ́, lẹ́yìn náà ẹnì kan á béèrè iye tí wọ́n ń san fún un. Bíi ṣílè mẹ́fà lọ́sẹ̀.

Láti orí 10 dé 26, ẹ máa fò. Ẹ fi ẹnu sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Orí 14 kò gùn rárá, ẹ kà á tán, torí ibẹ̀ ni Pip ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìyà tó dà bíi kéèyàn máa tijú ilé ara rẹ̀. Orí 18, lọ́yà kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun ti ya owó ńlá sọ́tọ̀ fún Pip kó lè di ọ̀tọ̀kùlú. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ló ṣì ń kọ́, kò tíì ṣe fírídọ́ọ̀mù. Lọ́yà bi Joe bóyá kí wọ́n san nǹkan fún un nítorí ọmọ iṣẹ́ tó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka bí inú ṣe bí Joe. Orí 19, Pip ra kóòtù tuntun, gbogbo èèyàn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wárí fún un. Àwọn ọmọ Òṣogbo kò nílò àlàyé níbẹ̀.

Orí 27 ni kí ẹ pín láàárín ara yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ ka ti Joe, kí ọmọ ka ti Pip. Joe wá kí i ní Lọ́ńdọ̀nù nínú aṣọ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Kí ó tó dé, Pip ti sọ fún àwa tó ń kàwé pé ká ní òun lè fi owó dá a dúró kó má wá, òun ì bá san án. Ẹnu ọmọ yín ni gbólóhùn yẹn ti máa jáde, ẹ má gbójú sókè wò ó. Joe kò mọ ibi tó máa gbé fìlà rẹ̀ sí. Ó fi lé orí pèpéle ibi ìdáná, ó ń já bọ́, ó ń sáré hán an, ó tún ń já bọ́. Ó ń pe ọmọ tó tọ́ dàgbà ní "sà." Bí ẹ bá ń sọ ọ́ ní Yorùbá, "ẹ" ni kí Joe fi máa bá a sọ̀rọ̀, kó máa ṣèèṣì bọ́ sí "o," kó tún sáré padà. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun kì í ṣe ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ nínú aṣọ yẹn. Bí Pip bá fẹ́ rí òun, kó wá yọjú lójú fèrèsé àgbẹ̀dẹ, kó rí òun pẹ̀lú ọmọ owú lọ́wọ́, àbùkù tó máa rí lára òun kò ní tó ìdajì èyí. Mo ti ka ibẹ̀ sókè fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ohùn mi ṣì máa ń yí.

Bí ọmọ bá kórìíra Estella dé ìbí yìí, ó dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó parí síbẹ̀. Orí 38 ni oògùn rẹ̀. Miss Havisham gba Estella tọ́ láti kékeré, kó lè gbẹ̀san lára ọkùnrin. Ó kọ́ ọ pé kó má fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wá darúgbó, ó ní kí ọmọ náà fẹ́ràn òun. Estella dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, kò pariwo: bí ẹ ṣe tọ́ mi ni mo rí. Àwọn ọmọbìnrin ló máa ń kọ́kọ́ rí i pé ọmọ tí wọ́n jí ìgbà èwe rẹ̀ gbé jù nínú ìwé náà ni. Pip ní Joe. Ta ni Estella ní? Bí ẹ bá ti dé orí 42, ẹ fi ẹlẹ́wọ̀n náà kún un. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni oko tí ó ti ń jí ohun ọ̀gbìn jẹ, ọmọdé tí kò lẹ́nìkan. Kí ẹ wá béèrè èyí tó le jù: bàbá Joe ọ̀mùtí ni, ó máa ń lu òun àti ìyá rẹ̀, kò jẹ́ kó lọ sílé ìwé. Orí 7 ló ti sọ ọ́. Kí ló dé tí Joe kò fi dà bí àwọn tó kù? Mi ò ní ìdáhùn tí mo lè fún yín.

Ní orí 39, ẹni tó ni owó yọjú lóru ọjọ́ òjò. Ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ ṣáájú, mo bẹ̀ yín. Lẹ́yìn tó bá kà á tán ni ẹ máa rí iṣẹ́: ọmọ ìsinsìnyí gbọ́ owó àṣírí, ó ti parí ẹ̀ sí yahoo. Ẹ dá a dúró. Owó náà kì í ṣe owó olè. Iṣẹ́ àgùntàn sísìn ní Ọsirélíà ni wọ́n fi rí i, ẹni náà ń ṣẹ́ ara rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́ kí Pip lè jẹun dáadáa. Ohun tó ń kó Pip nírìíra ni ọwọ́ tí owó ti wá. Àìsàn tó kó nílé Estella ni, kò tíì san.

Orí 57 àti 58 kò yẹ kí ẹ pín sí ọjọ́ méjì. Àìsàn gidi dá Pip dùbúlẹ̀, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀, Joe ló wá tọ́jú rẹ̀. Joe ti kọ́ ìwé kíkọ. Ó ń fi ọwọ́ ńlá yẹn di kálàmù mú, ó ń kọ lẹ́tà. Ẹ ní kí ọmọ ṣọ́ bí Joe ṣe ń pè é: nígbà tí kò lè dá dìde, bíi ti àtijọ́ ni; bí ara rẹ̀ ṣe ń yá, "sà" ń padà wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kan, Joe ti lọ, ó ti san gbèsè.

Ìparí rẹ̀ méjì ló wà, ẹ sì fi méjèèjì han ọmọ. Nínú èyí tí Dickens kọ́kọ́ kọ, Pip àti Estella kàn pàdé lójú títì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n yà. Òǹkọ̀wé kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Edward Bulwer-Lytton, gbà á nímọ̀ràn pé kó yí i padà, ó sì yí i padà sí èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde, tí wọ́n ti jọ di ọwọ́ mú. Èyí àkọ́kọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi kò ka ìkankan nínú méjèèjì sí. Lójú tèmi, ìwé ti parí ní orí 58, níbi tí Pip ti bẹ Joe pé kó dárí ji òun, tó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gòkè lọ wo yàrá kékeré òun àtijọ́. Àwọn ọmọ lẹ́sìn mi kì í gbà fún mi. Àwọn kan ní dandan ni kí Estella fẹ́ ẹ, àwọn kan ní kó máa lọ, kí Pip lọ wá iṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà máa ń bá wọn dé ojú títì, mo sì máa ń gbọ́ ariwo wọn títí wọ́n á fi yà lójú ọ̀nà.